Ẹtà Mẹ́fà

Aṣọ́gbó ń to àwòrán kẹtàlá sórí tábìlì nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yọ abẹ́rẹ́ tó fẹnu há.

"Bàbá, ṣé ẹranko tọ̀hún kọ́ nìyí?"

"Èwo?"

"Èyí tí ìrù rẹ̀ gé. Ó wà níbí, ó tún wà lọ́hùn-ún."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ mọ aṣọ, èmi mọ ẹtà. Wo àmì ara wọn. Ti èyí gùn, ti tọ̀hún rí roboto. Ẹtà méjì ni."

"Ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ̀ ń wò lọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lẹ̀ ń wò níbí. Bí mo bá rán ẹ̀wù aláràbarà, ọnà apá òsì kì í bá ti ọ̀tún mu. Ẹ̀wù kan náà ṣì ni."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu bàbá. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tún àwọn àwòrán náà tò. Èyí tí etí rẹ̀ ya wà níbi méjì. Èyí tó ń tiro wà níbi méjì. Ẹtà mẹ́fà di mẹ́ta.

Igbó kékeré méjì ló kù láàárín oko rọ́bà. Igbó tín-ín-rín kan ló so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹtà ń gbà kọjá lọ wá oúnjẹ, lọ wá akọ tàbí abo. Kámẹ́rà tí bàbá so mọ́ igi ló ń ya wọ́n. Lọ́jọ́ ìpàdé, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ọ́fíìsì ti béèrè iye ẹtà tó kù. Bàbá ní mẹ́fà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti tó mẹ́fà, kò séwu, kí àwọn onípákó máa gé igbó tín-ín-rín náà. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pe bàbá níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, orúkọ ọ̀hún dùn mọ́ ọn.

Àṣìṣe ni, kì í ṣe irọ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, kò gba ara rẹ̀ gbọ́. Ó ti rí ìrù gígé yẹn lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ìpàdé. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n jẹ́ mẹ́fà ni.

"Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?"

"Oṣù méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì."

"Mi ò béèrè oṣù, Bàbá."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó sọ ọ́ kò ní ẹ̀mí ẹtà mẹ́ta lọ́rùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

"Ojú Àwòdì," ni ọ̀gá wí, "ṣé wọ́n ti di méje ni?" Àwọn akọ̀wé rẹ́rìn-ín.

"Mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ta ló rí i?"

Bàbá ì bá ní òun ni. "Ọmọ mi obìnrin. Aránṣọ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò wò ó lójú; ó gbé fóònù, ó ní kí àwọn onípákó dá ayùn dúró.

Bàbá fẹsẹ̀ rìn dé igbó tín-ín-rín náà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ń gé e. Nígbà tí ayùn ìkẹyìn dákẹ́, igi mọ́kàndínlógún ló ṣì dúró láàárín igbó méjèèjì.