Akọ Orógbó

Ọmọ orogún ni Àkànjí àti Àdìó. Nígbà tí bàbá wọn pín ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ìbà fún àwọn méjèèjì, ó gbin igi orógbó kọ̀ọ̀kan sí ilẹ̀ wọn. Ó ní àwọn onígẹdú ti ń gé igbó tán, orógbó sì ti ń di ohun àwátì. Òun kò fẹ́ kí ọmọ òun máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìta. Bàbá náà kú kí igi méjèèjì tó ga dé òrùlé.

Orógbó kì í kánjú. Kí igi méjèèjì tó tanná ní 1985, Àkànjí, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ti di wẹ́dà tó ń jó géètì irin ní Òkókómáíkò, Àdìó sì ti ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìyànà Ìbà lọ sí Àgbádárìgì. Igi wọn jọra bí ìbejì. Ewé méjèèjì nípọn, ó ń dán. Ẹ̀ka wọn ṣù bo orí bí agboòrùn. Bí ọ̀bẹ bá kan èèpo wọn, oje pupa rúsúrúsú tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni yóò jáde.

Ṣùgbọ́n ti Àdìó so. Èso rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, àwọn aládùúgbò sì ń wá tọrọ orógbó tọ́mọ bá délẹ̀ tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ṣílé. Iwájú ilé Àkànjí ni ọ̀nà gbà, òun gan-an ni wọ́n sì ń bi léèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ilé olórógbó ńkọ́?"

Ńṣe ló máa ń fi ẹnu júwe rẹ̀, kò ní nawọ́.

Ní ti igi tirẹ̀, òdòdó a kàn máa já bọ́, a funfun sílẹ̀ bí gúgúrú, ó tán. Ó ra ìgbẹ́ àgbò ní ọjà ẹran Alábà Ràgò, ó kó o sídìí igi. Ó bu eérú sí i. Òdòdó tún pọ̀ sí i, èso kò sí. Àkànjí bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bàbá àwọn ló mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí tó dára sílé ọmọ ìyàwó kékeré. Ìyá Àdìó ni bàbá fẹ́ràn, ta ni kò mọ̀?

Ní 1989, Modúpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, bímọ. Ní ọjọ́ ìkómọ, Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ lọ sílé Àdìó, ó sì gbé e bọ̀ ní kíkún. Àdìó fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e wá, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní lójú àwọn àlejò, "ẹ jẹ́ kí n máa bá yín so ó. Bí akọ ìbẹ́pẹ ni tiyín rí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àkànjí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ tì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó lọ pe onígẹdú.

"Bàbá Modúpẹ́, igi tí bàbá yín gbìn lẹ fẹ́ gé!" Àṣàkẹ́ ké.

"Akọ ni. Kí là ń fi akọ igi ṣe?"

Kí oòrùn tó kan àtàrí, igi ti wà nílẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, igi Àdìó tanná. Òjò dé, kò so. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Àdìó da omi sí i, ó ha èèpo rẹ̀ wò, ó gbàdúrà. Àkànjí kò lè purọ́ fún ara rẹ̀: inú rẹ̀ dùn. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, á máa wo orí igi àbúrò rẹ̀ tó ṣófo, ọbẹ̀ alẹ́ a sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ́wùmí, ọmọ Àdìó, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó ń kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì nígbà náà. Ó ṣa òdòdó tó já sílẹ̀, ó la ọ̀kan, ó sì pe bàbá rẹ̀ àti Àkànjí wá sídìí igi.

"Dádì, kò sí ohun tó ń ṣe igi yìí. Abo ni. Ẹ wo ikùn òdòdó rẹ̀ bó ṣe rí roboto, ibẹ̀ lèso ti ń jáde. Èyí tí a máa ń fi ṣeré ní kékeré lábẹ́ igi tiyín, Bàbá Àgbà, kò ní ikùn báyìí. Àtíkè ló kún inú tiyẹn. Oyin àti kòkòrò ló ń gbé àtíkè náà wá síbí."

"Bí wọn ò bá gbé e wá ńkọ́?" Àdìó bi í.

"Abo ò ní so. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń gé akọ ìbẹ́pẹ nù fi máa ń ṣàṣìṣe."

Kì í ṣe ojú ló kọ́kọ́ ti Àkànjí. Owú ló tún gbé e, èyí tó gbóná ju ti àtijọ́ lọ.

"Ṣé gbogbo orógbó tí o ti ń pín káàkiri, tó o fi ń gba oríyìn, èmi ni mo ni ín?"

Àdìó ní: "Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ̀yin náà lẹ sì gé e."

Ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, ìkíni tán láàárín wọn.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ojú ti wá ti Àkànjí. Igi bàbá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé, kò sì rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Nígbà tó yá, ó dá Ọmọ́wùmí dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Bí a bá gbin òmíràn ńkọ́?"

"Yóò pẹ́ gan-an, Bàbá Àgbà, a ò sì ní mọ̀ bóyá akọ ni títí tó fi máa tanná. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí akọ tó ti tanná, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ kì í bọ omi, ẹ gbé e kọ́ orí abo. Oyin á ṣe ìyókù."

Ọ̀gbẹlẹ̀ 1992 dé. Àkànjí béèrè káàkiri. Sàdíátù, obìnrin kan tó ń ta èso ní Ìyànà Ìbà, sọ fún un pé orógbó kan tó ń tanná láìso wà ní oko bàbá òun lọ́nà Àgbádárìgì, wọ́n ń pè é ní igi agàn. Àkànjí lọ síbẹ̀, ó gùn ún, ó gé ẹ̀ka olódòdó, ó kì í sínú kéègì omi, ó sì gbé wọn wọ àgbàlá Àdìó.

"Kí lẹ wá ṣe?" Àdìó bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Ọkọ ìyàwó ni mo mú wá."

Àdìó kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó jáde wá di àkàbà mú.

Lókè igi náà, Àkànjí rí bí òdòdó ṣe ṣùjọ lórí ẹ̀ka, owú sì tún ta á láyà. Igi yìí dára púpọ̀, kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ó fa okùn, ó so kéègì àkọ́kọ́ dáadáa.

Nígbà tí òjò ń lọ sílé, èso díẹ̀ pọ́n níhà ibi tí kéègì wà. Àdìó ká wọn sínú àwo, ó gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, ẹ pín in."

Àkànjí ń pín in lọ ní dọ́gbadọ́gba títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan èyí tó tóbi jù lọ. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó fà á sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

"Mo ti mọ̀," Àdìó wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.