Ẹ̀jẹ̀ Jelte ní Ọjọ́ Yìnyín

Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́. Nígbà tí Tjitske máa fi pe iyàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ìlú Groningen, dókítà ti dín oògùn Jelte, ọmọ rẹ̀, kù láti àná.

"Àǹtí Hiske, ọwọ́ mi ló fà á! Mo tú kápúsù oògùn Jelte sínú yógọ́ọ̀tì rẹ̀, mi ò fọwọ́, mo sì gún un níka, mo kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí páálí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín."

Hiske, tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, dìde fùú. Àṣé ẹ̀rọ ti wọn ìyẹ̀fun oògùn ọwọ́ ìyá mọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó wá fi hàn pé oògùn ti pọ̀ jù! Kíndìnrín Tjitske kan ló wà lára Jelte. Oògùn yìí ni kò jẹ́ kí ara ọmọ náà kọ̀ ọ́. Bó bá kéré jù, kíndìnrín ọ̀hún lè bàjẹ́.

"Ẹ gbé e wá kíákíá, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀!"

Ilé iṣẹ́ ti ṣófo. Odò ti dì gbagidi, ohun tí wọn ò rí láti ọdún mélòó kan, kálukú sì ti sáré lọ yọ̀ lórí yìnyín. Sjoerd, àfẹ́sọ́nà Hiske, wọlé, ó fi bàtà onírin tí àwọn méjèèjì fi ń yọ̀ lórí yìnyín kọ́rùn.

"Ìyàwó mi, ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni àbí ẹ̀rọ? Rélùwéè tó máa gbé wa lọ síbi yìnyín ò ní dúró dè wá o!"

"Ẹ̀rọ kì í hanrun bíi tìẹ."

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tuntun dé, Hiske tọ́jú rẹ̀, ó sì fi í sínú ẹ̀rọ méjì tí wọ́n so pọ̀: èkínní ń ya ohun inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èkejì ń wọ̀n wọ́n. Ìlà tẹ́ lójú ẹ̀rọ, ó tẹ́ lọ rẹrẹ bí ilẹ̀ Groningen. Lójijì, ó gbérí.

"Ó ń gòkè! Ó ń gòkè!" Sjoerd pariwo bí ẹni ń wo eré ìje.

Òkè náà, tó ń fi iye oògùn inú ẹ̀jẹ̀ hàn, ò ga rárá. Hiske pàtẹ́wọ́, ó fò sókè. "Irọ́ ni ti àná! Oògùn ọmọ yìí ti kéré jù, a sì tètè mọ̀!"

"Ó yá, pe dókítà, ká máa lọ."

"Lẹ́yìn àṣìṣe àná? Mo gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n kí Jelte tó lo oògùn alẹ́."

Ẹ̀rín àwọn tó ń lọ sórí odò wọlé láti ojú fèrèsé. Hiske fọwọ́ kan bàtà rẹ̀ lọ́rùn Sjoerd, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

"Sjoerd, máa lọ. Yìnyín wù mí gan-an, ṣùgbọ́n mò ń dúró ti ẹ̀jẹ̀ Jelte."