Ìdí Tí Ẹ̀rọ Fi Wà Lẹ́yìn

Fẹ̀sọ̀jayé, ajórinmọ́rin, ọmọ bíbí Pobè, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ní Sátidé kejì nínú oṣù Kejìlá ọdún tí ó kọjá, lójú títì ọlọ́dà tuntun tí ó wọ Yoko, ní ilẹ̀ Sakété. A kò tíì ṣí títì náà fún ọkọ̀ ẹrù. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ irin Pobè àti ti Sakété ṣe tọrọ rẹ̀ fún ìdíje wọn ọdọọdún, níbi tí ọkọ̀ méjì-méjì ti máa ń sáré lọ tààrà fún irínwó ìṣísẹ̀, láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì.

Ọkọ̀ ìsáré wọn kì í ṣe ọkọ̀ tí ènìyàn lè gbé lọ sí ọjà. Páìpù irin tí a jó pọ̀, tí ó gùn gbọọrọ bí àkàbà, ni ara rẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà níwájú, táyà ńlá méjì wà lẹ́yìn, ẹ̀rọ alùpùpù ni ó sì ń mú un sáré. Láti ìgbà tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀, iwájú awakọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń gbé ẹ̀rọ sí, láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Fẹ̀sọ̀jayé nìkan ni ó gbé tirẹ̀ sẹ́yìn ní ọdún náà. Ó fi Jocelyne, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, síwájú bí ẹyẹ tí ó bà sórí ẹ̀ka, ó sì fi ẹ̀rọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o!" ni Valentin, ọ̀gá àwọn ajórinmọ́rin Sakété, ké bí wọ́n ti sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀. "Bàbá Jocelyne, ẹ dákun, èyí tí ẹ gbé dé yìí, ṣé ó ń bọ̀ ni, àbí ó ń lọ?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Jocelyne ń so bàtà funfun rẹ̀ lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ óò máa wò, Bàbá Valentin. Nígbà náà ni ẹ óò mọ̀ pé ó ń lọ."

Euloge, àbúrò Fẹ̀sọ̀jayé, ni ẹ̀rín náà pa jù. Orí táyà àlòkù kan ni ó jókòó sí, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, òun ni ó wa ọkọ̀ Fẹ̀sọ̀jayé nínú ìdíje yìí kan náà. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí àwo irin ńlá tí ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fi fọ́ yángá-yángá, tí àfọ́kù rẹ̀ sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó ní ó tẹ ẹ̀rọ ní àtẹ̀jù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀-wúwo. Ọkọ̀ akóòkúta ni ó ń wà ní Onigbolo tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kò lè wakọ̀ mọ́, ó fẹ́ máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ọkọ̀ wíwà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wá. Àwọn òbí a máa ní, "Ta ni yóò fa ọmọ rẹ̀ lé Ẹlẹ́sẹ̀-wúwo lọ́wọ́?" Jocelyne, tí ń pè é ní Tọ́ńtọ̀n, ìyẹn àbúrò bàbá, nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Euloge ni ó sì ra bàtà funfun yẹn fún un.

Euloge yìí náà ni ó bá Fẹ̀sọ̀jayé tún ọkọ̀ tuntun náà ṣe. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí ọ̀nà oko Ahoyéyé ní ìdájí, kí àwọn àgbẹ̀ tó gba ọ̀nà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí Jocelyne ti mú eré, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí ju ìdí kiri bí ìrù alángbá tí ó já. Díẹ̀ ni ó kù kí ó wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Fẹ̀sọ̀jayé sáré dé ibẹ̀, ó ní òun yóò tú u palẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Euloge da ikùn délẹ̀ sórí iyanrìn, ó sì ń wo ipa táyà bí ẹni tí ń ka lẹ́tà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tí ó jókòó síwájú kì í tètè mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ ń yọ̀. Nígbà tí yóò bá fi mọ̀, jìnnìjìnnì yóò mú kí ó yí ọwọ́ ọkọ̀ ní àyíjù. Ọwọ́ ọkọ̀ yìí sì yá jù. Bí ọmọ yìí bá sín, táyà yóò gbọ́."

"Kí ni kí a wá ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí a sọ ọwọ́ ọkọ̀ di ọ̀lẹ. Bí Jocelyne bá yí i dé ìdajì, kí táyà iwájú yà ní ìbú ìka kan péré. Kí ara ọkọ̀ sì tún gùn sí i."

"Kí ó tún gùn sí i kẹ̀? Ṣé ọkọ̀ ni a ń ṣe ni, àbí ejò?"

"Ejò gígùn kì í tàkìtì, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń lọ gbọnrangandan bí okùn tí bíríkìlà ta. Nítorí pé ìwúwo ẹ̀rọ wà lórí táyà ẹ̀yìn, táyà kì í yí lásán mọ́ bí eré bá bẹ̀rẹ̀. Ṣe ni ó ń gé ilẹ̀ jẹ. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá ni ọkọ̀ àtijọ́ fi ń sá irínwó ìṣísẹ̀. Mọ́kànlá ni fóònù Jocelyne kà fún tuntun.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Euloge gbé irin pẹlẹbẹ nípọn kan wá. "Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sí àárín ẹ̀yìn ọmọ wa àti ẹ̀rọ," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè, láìwo Fẹ̀sọ̀jayé lójú: "Kí ni ó tilẹ̀ dé gan-an tí ẹ fi gbé e sẹ́yìn?"

"Kí táyà lè gé ilẹ̀ jẹ ni," ni Fẹ̀sọ̀jayé dáhùn.

Euloge fi ọwọ́ ra itan ọ̀tún rẹ̀ títí. "Ó dára, Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí.

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ náà. Òótọ́ náà gan-an wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ ibùsùn Fẹ̀sọ̀jayé láti ọdún márùn-ún: àfọ́kù àwo irin kan, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, ó mú un jáde, ó sọ ọ́ sínú àpò ṣòkòtò, òun alára kò sì lè sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Fẹ̀sọ̀jayé kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Àṣà kan wà nínú ìdíje náà tí wọ́n ń pè ní Kíka Irin. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ yóò gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, yóò sì sọ fún gbogbo èrò ibi tí ó ti rí irin kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó bàjẹ́ lára rẹ̀, àti bí ó ti tún un ṣe. Ìyá Mọ́rìnọ́lá, olùkọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó ń darí rẹ̀. Nígbà tí ó kan Fẹ̀sọ̀jayé, Valentin na ọwọ́ sókè.

"Ìyá Olùkọ́, a kò rí irú èyí rí. Bí ọkọ̀ yìí bá ju ìdí, àárín èrò ni yóò wọ̀."

Mọ́rìnọ́lá yí sí Fẹ̀sọ̀jayé. "Ọmọ alágbẹ̀dẹ, ẹni tí ó bá gbé ohun tí ojú kò rí rí wá ni yóò sọ ìdí rẹ̀. Kí ni ìdí tí ẹ̀rọ fi wà lẹ́yìn?"

"Kí táyà lè gé ilẹ̀ jẹ, Ìyá."

"Ìdí eré nìyẹn. Ìdí ààbò ni mo ń béèrè."

Fẹ̀sọ̀jayé na ọwọ́ sí irin pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́yìn ìjókòó. "Bí àwo irin bá fọ́, kò ní bá ẹni tí ó wà níwájú."

"Àwo irin kì í ṣàdédé fọ́!" ni Valentin wí. "Ẹsẹ̀ wúwo ni ó ń fọ́ ọ. Àbí ẹsẹ̀ Jocelyne náà ti wúwo ni?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Lórí táyà rẹ̀, Euloge tẹ orí ba, ó ń fi ọ̀pá fa ilà sórí iyẹ̀pẹ̀ etí títì.

"Bí kò bá sí ìdí mìíràn," ni Mọ́rìnọ́lá wí, "ẹ gbé ẹ̀rọ padà síwájú bí ti gbogbo ènìyàn, tàbí kí ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sílé. Mo fún yín ní wákàtí kan."

Wákàtí kan tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Páìpù ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe tuntun yìí, ìjókòó ẹ̀rọ àtijọ́ sì ṣì wà lára rẹ̀ níwájú. Kò sí ẹni tí ó gé e kúrò. Jocelyne ti ń ṣí àpótí irinṣẹ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí a gbé e síwájú," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Tọ́ńtọ̀n Euloge ti kọ́ mi dáadáa. N kò ní tẹ̀ ẹ́ jù."

Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó na ẹsẹ̀ láti wò ó bí àyè yóò bá gbà á. Bàtà funfun ọ̀tún sì kan ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún Euloge wà ní ọjọ́ tí a gé e. Fẹ̀sọ̀jayé wo bàtà náà. N kò ní tẹ̀ ẹ́ jù. Ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ti gba irọ́ náà gbọ́, ó sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé e lórí.

"Má tú nǹkan kan, Jocelyne."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ àfọ́kù irin náà, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Mọ́rìnọ́lá.

"Ìyá Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n ka irin yìí. Mo ti jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ọdún márùn-ún. Ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdíje ni mo rí i pé àwo irin náà sán. Mo jó o pọ̀. Bàbá mi kọ́ mi pé bí a bá rọ ọkọ́ tán, inú omi ni a ń rì í sí nígbà tí ó ṣì pọ́n, kí ẹnu rẹ̀ lè le. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é nílé wa láti ayébáyé. Mo rò pé irin ni irin ń jẹ́. Ṣùgbọ́n irin tí a rọ kọ́ ni àwo yẹn. Irin tí a yọ́ dà ni, bí a bá sì bu omi lé irú rẹ̀ nígbà tí ó gbóná, yóò di bí ìkòkò amọ̀. Mo bu omi lé e. Ó dún kẹ́. Mo gbọ́ ọ."

Ọ̀pá Euloge ti dúró lórí ilẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ, n kò sì sọ. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ níwájú yín, mo ní kò sí irin tí ó bàjẹ́ níbẹ̀."

"Fẹ̀sọ̀jayé," ni Mọ́rìnọ́lá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "sọ ọ́ kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́. Ta ni ó gé ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yìí?"

Euloge ti dìde. Ó ń fi ọ̀pá tẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó tó," ni ó ń wí. "Mo ti mọ̀ láti Ahoyéyé. Ó tó bẹ́ẹ̀."

"Kò tíì tó, àbúrò mi." Fẹ̀sọ̀jayé di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kọjú sí Pobè àti Sakété. "Euloge kò tẹ ohunkóhun jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wúwo rí. Èmi Fẹ̀sọ̀jayé, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ni mo gé e."