Ọ̀rọ̀ Tí Oyèfúnkẹ́ Sọ ní Ọjọ́ Òmìnira

Láti oṣù mẹ́ta tí Zacharie ti kú, ìyàwó rẹ̀, Oyèfúnkẹ́, kò tíì sùn tẹ́rùn. Ikú ọkọ nìkan kọ́ ló ń dẹ́rù bà á. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Oko-Akarè ti fẹnu kò pé Fáṣèyí, àbúrò olóògbé, ni yóò ṣú u lópó. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọjọ́ òmìnira orílẹ̀-èdè wọn, ni wọ́n dá, kí gbogbo ẹbí lè ráyè wá. Fáṣèyí lọ wo ayẹyẹ ní Adja-Ouèrè ní àárọ̀. Nígbà tó fi máa dé, àsíá kékeré ṣì wà níwájú alùpùpù rẹ̀. Ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò láàrin àwọn àgbà.

"Àwa Ọ̀họ̀rí," ó ní, "a kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn pàṣẹ fún wa nínú ilé wa. Àwọn baba wa kọ̀ fún òyìnbó. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi kọ̀ ọ́."

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá yíjú sí opó.

"Ìyàwó, wá kúnlẹ̀ síbí."

Oyèfúnkẹ́ mọ ohun tójú Solange, opó kan, rí ní Tatonnonkon. Solange kọ̀ kí wọ́n ṣú òun lópó, ni wọ́n bá gba oko àti ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí dòní kò mọ ilé tí ọmọ náà wà. Grâce, ọmọ ọdún mẹ́fà tí Zacharie fi sílẹ̀, dì mọ́ ìró ìyá rẹ̀ pinpin.

Oyèfúnkẹ́ kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ gbà mí láyè," ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ń pe àbúrò ọkọ. "N ó dúró nínú ilé yìí, n ó tọ́ ọmọ yín, n ó sì máa bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹnì kankan mọ́. Ara mi, èmi ni mo ni ín."

Fáṣèyí dìde.

"Ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin ni. Nísinsìnyí."

Kò gbèrò láti sọ ọ́. Ìbẹ̀rù ló tì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Fáṣèyí gbé ọwọ́ sókè. Oyèfúnkẹ́ fi apá bo orí ọmọ rẹ̀.

"Fáṣèyí, sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀." Àyànṣọlá ni, ìyá tó bí Fáṣèyí àti Zacharie. "Wọ́n ṣú èmi náà lópó. Ibẹ̀ ni mo ti bí ọ. Ẹ̀rù ni mo fi lóyún rẹ, ọmọ mi, n kò sì rí ẹni sọ fún."

Ọwọ́ náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fáṣèyí ní, "Kí ẹ̀yin méjèèjì wá ẹni tí yóò gun ọ̀pẹ fún yín." Ó sì lọ.

Lóòótọ́, kò sí ọkùnrin ilé náà tó gun ọ̀pẹ fún wọn mọ́. Àyànṣọlá kó ẹrù rẹ̀ wá sí yàrá Oyèfúnkẹ́. Àwọn méjèèjì ń ṣa ẹyìn ọ̀pẹ tó bá bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí iléèwé wọlé, olùkọ́ béèrè ẹni tí yóò máa wá mú Grâce lọ sílé.

"Èmi tàbí ìyá ọkọ mi," ni Oyèfúnkẹ́ wí. "Bí ẹlòmíràn bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Grâce lé e lọ́wọ́. Ohunkóhun tó bá wí."

Olùkọ́ na bíírò sí i kó kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé. Oyèfúnkẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣeé kà.