Àǹtí Sharon Ló Sọ Bẹ́ẹ̀

Kí Ayọ̀mídé tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i tí ìyá rẹ̀ kì í gbọ́. Bí olùkọ́ bá nà án, Sarah á gbọ́. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bà á nínú jẹ́, Sarah á gbọ́ kí ọmọ náà tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un ni. Bàbá rẹ̀ wà ní Àbújá lẹ́nu iṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wá sílé, nítorí náà àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé ilé wọn ní Natako, ní Lọ́kọ́ja, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n sì jọ ń rojọ́ títí oorun á fi gbé wọn lọ. Ọmọ Ìjùmú ni Sarah, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ṣeré.

Ìgbà tí Ayọ̀mídé wọ kíláàsì kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ni orúkọ kan wọ ilé wọn bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Àǹtí Sharon. Olùkọ́ kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni, òun ló ń darí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì tó máa ń pàdé nínú ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́sàn-án Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde kíláàsì. Ọjọ́ kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí máa ń pàdé ní kíláàsì tó kọjú sí tiwọn. Inú Sarah kọ́kọ́ dùn sí i. Ta ni kò fẹ́ kí ọmọ òun mọ Ọlọ́run?

Àfi bí Àǹtí Sharon ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jẹun. Sarah á bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, Ayọ̀mídé á ní, "Mọ́mì, iyọ̀ púpọ̀ kò dáa, Àǹtí Sharon ló sọ bẹ́ẹ̀." Sarah á fẹ́ dirun fún un bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé, ọmọ á ní irú èyí tí Àǹtí Sharon máa ń di ni òun fẹ́. Àdúrà tí Sarah kọ́ ọ láti kékeré, kì í gbà á bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ kan ló fi ń gbàdúrà báyìí, ohùn tí kì í ṣe ti ilé wọn. Sarah kò tíì bá Sharon sọ̀rọ̀ rí, síbẹ̀ ó mọ̀ pé ohùn rẹ̀ nìyẹn.

"Ṣé Àǹtí Sharon ló bí ọ ni?" ó bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ayọ̀mídé rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìyá òun ń ṣeré.

Ní Sátidé kan, Sarah fẹ́ fọ báàgì ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ó da ẹrù inú rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, páàdì sì já bọ́ láàárín àwọn ìwé. Ó pe Ayọ̀mídé.

"Ta ló ni èyí?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Kí a tó gba họlidé ni."

"Ta lo sọ fún?"

Sarah ti mọ̀ kó tó dáhùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ jáde. Ẹgbẹ́ ń kọrin lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú kan nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Àǹtí Sharon ló mú un jáde, òun ló ra páàdì, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, òun náà ló gbá a mọ́ra nígbà tó ń sunkún.

Ọjọ́ tí Sarah ti ń dúró dè láti ìgbà tó ti bí ọmọ náà nìyẹn. Adìẹ ni ìyá tirẹ̀ pa fún un nígbà tí tirẹ̀ dé, nílé wọn ní Ìjùmú, ó sì ti pinnu pé òun náà á pa adìẹ fún Ayọ̀mídé, òun á jókòó tì í, òun á sì bá a sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá ń bá ọmọbìnrin sọ. Ẹlòmíràn ti gba ọjọ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó gbé báàgì lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì ń fọ̀ ọ́ títí aṣọ rẹ̀ fi fẹ́ ya. Obìnrin tí kò ní orogún rí wá ń jowú bí ìyáálé tí ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó tuntun wọlé dé.

Láìpẹ́, ìpàdé òbí àti olùkọ́ dé. Ọ̀rọ̀ òrùlé kíláàsì tó ń jò ni wọ́n ń sọ nígbà tí Sarah nawọ́. Ọ̀gbẹ́ni Obed, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, ní kó máa wí.

"Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni èyí," Sarah ní. "Ti Mùsùlùmí ni, ti Kìrìsìtẹ́nì ni, ti ẹni tí kò ṣe èyí tí kò ṣe tọ̀hún náà ni. Kí ni ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ń wá níbẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ lẹ́sìn, ilé ń bẹ, ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ, mọ́ṣáláṣí ń bẹ. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ wa lẹ́yìn tí kíláàsì bá parí. Ní Lọ́kọ́ja yìí, Ìgálà, Ẹ̀bìrà, Nupe, Haúsá, gbogbo wa la jọ ń gbé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa pín àwọn ọmọ sọ́tùn-ún sósì fún wa."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Alájì Sàláhúdéènì, oníṣòwò kan ní ọjà Kpata tí ọmọ mẹ́ta wà ní ilé ẹ̀kọ́ náà, dìde.

"Màdáàmù, kò sẹ́ni tó fokùn fa ọmọ kankan lọ síbẹ̀," ó ní. "Ọmọ tí ẹ bá lé kúrò níbẹ̀ lọ́sàn-án, ṣé ilé ló máa wá? Etí odò ló máa gbà lọ."

Ni ariwo bá ta. Àwọn kan ní òtítọ́ ni obìnrin yìí sọ, àwọn kan ní ọ̀tá ẹ̀sìn ni. Ọ̀gbẹ́ni Obed kò fẹ́ wàhálà, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sì ń bà á lẹ́rù ju òrùlé tó ń jò lọ. Ó ní kí gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀sìn dá ìpàdé wọn dúró ná. Bí Sarah ṣe ń jókòó, ó wo ibi tí àwọn olùkọ́ dúró sí. Sharon tẹrí ba. Ó tu Sarah lára bí ìgbà tí èèyàn mu omi tútù lọ́sàn-án gangan.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Sarah tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó din dòdò sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀. Ayọ̀mídé dé, ó jẹun, ó dúpẹ́, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò rojọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Àǹtí Sharon kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tó rọ́pò rẹ̀.

Sọ̀fíyátù ló kọ́kọ́ wá bi Sarah nípa ọ̀rọ̀ náà. Aránṣọ ni, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé ti Sarah, ó sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Kíláàsì kan náà ni Mùsílímátù ọmọ rẹ̀ àti Ayọ̀mídé wà.

"Òkun o, Ìyá Ayọ̀mídé," ó fi ìkíni àwọn ará Òkun kí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Òkun, mà. Ẹ wọlé."

Kò wọlé. "Mo gbọ́ pé ìwọ lo sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yẹn. Kí ni Mùsílímátù ṣe fún ọ?"

"Kò ṣe nǹkan kan fún mi, mà. Kì í ṣe torí tirẹ̀."

"Torí ta ni?" Sọ̀fíyátù fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn. "O mọ̀ bí ọmọ yẹn ṣe máa ń kólòlò. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀. Inú ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ti ní kó dìde, kó ka Kùránì sétí gbogbo wọn, kò sì kólòlò lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbórí sókè. Ó ti tún dákẹ́ báyìí. Bó bá jẹ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ lo sọ, mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Sarah kò lè purọ́ fún un. Ó sọ ọ̀rọ̀ páàdì, ó sọ ti irun, ó sọ ti àdúrà. Sọ̀fíyátù gbọ́ ọ dópin.

"O jowú," ó ní. "Kò burú. Èmi náà jowú ìyá ọkọ mi nígbà tí Mùsílímátù ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ọmọ ń sùn sí. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí wọ́n lé gbogbo ìyá àgbà kúrò ládùúgbò."

Lọ́jọ́ kejì, Sarah gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀gá àgbà ló fẹ́ rí, àmọ́ Sharon ló kọ́kọ́ pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i.

"Mo ti fẹ́ wá sílé yín, mà. Ó yẹ kí n ti wá tipẹ́. Mo ní kí Ayọ̀mídé sọ fún yín, ó ní òun á sọ. Ó wá padà sọ fún mi pé ó ti máa ń rẹ̀ yín tẹ́ ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun ò fẹ́ kó nǹkan mìíràn lé yín lórí. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú sí i."

Ká ní Sharon ṣàfojúdi sí i ni, kì bá ti ṣòro láti kórìíra rẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn náà ló fi ń sọ̀rọ̀. Sarah wá rí ohun tí ọmọ òun rí lára rẹ̀, ìyẹn sì dùn ún ju ọ̀rọ̀ páàdì lọ. Ó ní kó dìde, ó sì kọjá lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà.

Ó sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Obed pé òun fẹ́ gba ọ̀rọ̀ òun padà. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé irọ́ ni ohun tí ẹ sọ níjọ́sí ni?"

"Kì í ṣe irọ́, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìjọba tàbí torí ìrẹ́pọ̀ ni mo fi sọ ọ́. Mò ń bínú sí olùkọ́ kan ni."

"Ẹ ó ní láti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn fúnra yín. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ èmi nìkan."

Ó sọ ọ́ ní ìpàdé kejì, níwájú gbogbo wọn. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un níjọ́sí ń wò ó bíi pé ó ti tà wọ́n, obìnrin kan sì rẹ́rìn-ín sábẹ́ gèlè. Alájì Sàláhúdéènì ni kò rẹ́rìn-ín.

"Màdáàmù, ohun kan nínú ohun tí ẹ kọ́kọ́ sọ ṣì dára," ó ní. "A kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ wa. Kí àwọn ẹgbẹ́ padà, kí òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí àgbàlagbà kan láàárín wa sì máa jókòó síbẹ̀."

Wọ́n jiyàn títí. Àwọn kan kò gbà, títí dòní wọn kò gbà, ọmọ tiwọn kì í sì í lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ fara mọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó máa jókòó ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì, gbogbo ojú yí sí Sarah.

Bó ṣe di ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì ní Ọjọ́rú nìyẹn, lórí àga kékeré tó ń fún un nídìí. Láti ojú fèrèsé, ó ń gbọ́ bí àwọn ọmọ òdìkejì ṣe ń ka Kùránì, ó sì ń tẹ́tí bóyá òun á gbọ́ ohùn Mùsílímátù. Níwájú, Ayọ̀mídé ń gbójú sókè wo Sharon bí ó ṣe máa ń wo ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sarah ṣì ń jowú. Ó fọwọ́ lérán, kò sì gbójú kúrò.

Wọ́n jọ rìn lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́ náà. Ayọ̀mídé ń fi ẹsẹ̀ gbá òkúta kan lọ. Nígbà tó yá ó ní, "Mọ́mì, ẹ ń ṣi orin tí a kọ ní ìpàdé yẹn kọ."

"Ibo ni mo ti ṣì í?"

"Ibi ègbè. Ẹ máa ń tètè gbé e ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

Ayọ̀mídé kọ ọ́ fún un ní títì, ó tún un kọ, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyá rẹ̀ tún ṣì í. Sarah ń gbè é, ó sì mọ ẹni tí ọmọ náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń dùn ún. Ó ní kó tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i.