Ohun Tó Dí Ọ̀nà Omi Kitoogo

“Ẹ má fi ẹnu mí o, ọ̀gá,” Okello, òṣìṣẹ́ gọ́tà tó ṣáájú, ló ń kìlọ̀. “Ohun tó bá báni wọ ikùn níbí, a kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.”

Namutebi rọra ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Omi gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ náà ti mù ún dé itan, ó dúdú, ó ki bí ọbẹ̀ tó kan. Nígbà mìíràn, ohun rírọ̀ kan á fara nù ún lẹ́sẹ̀. Kò jẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹnjiníà ìjọba ni, ọ́fíìsì rẹ̀ ló sì ń kéde pé gọ́tà ti mọ́ tónítóní. Kí ló wá dé tí ìgbẹ́ fi ń wọlé tọ àwọn ará àdúgbò Kitoogo nígbàkígbà tí òjò bá rọ̀?

Lójijì, iná tọ́ọ̀ṣì Okello kan ògiri. Kọnkéré tuntun ni wọ́n dà dí ojú gọ́tà. Àlàfo tó kù, ajá kò lè gbà á. Páìpù ńlá kan yọrí lókè rẹ̀. Ó kùn, ó sì bì sílẹ̀ níwájú wọn.

“Òtẹ́ẹ̀lì tuntun ló wà lórí wa,” ni Okello wí. “Àlejò kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nílé ìgbẹ́ yẹn.”

Namutebi bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Bó ṣe jáde náà ló gba ọ́fíìsì lọ. Ó bá Kyeyune, ọ̀gá àgbà, nídìí oúnjẹ. Ọ̀gá fi áńkáṣíìfù bo imú.

“Ṣé o ò lè lọ wẹ̀ ná ni?”

“Ọ̀gá, òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló dí omi. Ìgbẹ́ wọn ló ń padà lọ bá àwọn ará Kitoogo nílé.”

“Ta ló rán ọ níṣẹ́?” Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. “Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì yẹn, ṣebí o jẹ nínú ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sun fún wa? O tún di tìẹ lọ sílé. Ẹnu tó jẹ dòdò, Namutebi, kì í sọ òdodo.”

Òjò ńlá rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ní Kitoogo, omi ìgbẹ́ bo ibùsùn Nakku, opó tí ń ta ẹja dídín, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì kú sínú rẹ̀. Kyeyune bọ́ sórí rédíò: ó ní ilé ẹgẹrẹmìtì àwọn ará ibẹ̀ ló dí ọ̀nà omi, wíwó ni wọn yóò wó o. Ó gbé agolo ọ̀dà pupa lé Namutebi lọ́wọ́.

“Ìwọ tí o fẹ́ràn gọ́tà, lọ sàmì sí àwọn ilé tí a ó wó. Àbí kí n wá ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ yìí?”

Nakku ń gbọ́n ẹrẹ̀ síta nígbà tí Namutebi dé; omi ti ba rédíò àdúgbò náà jẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìkéde.

“Ọmọ mi, o káre. Wọ́n ní ìwọ lo wọnú ihò yẹn lọ nítorí tiwa.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ kú ìrọ́jú.” Kò wo ojú rẹ̀. Ó fa ìlà pupa méjì kọjá ara wọn sára ilẹ̀kùn.

Nakku wo àmì náà. “Ṣé ilé tí ìjọba fẹ́ bá wa tún kọ́ ni wọ́n ń sàmì sí?”

Nakku kò dúró gbọ́ èsì, ó ké pe àdúgbò. Kíá ni wọ́n tú jáde. Oníkálukú ń fi etí aṣọ nu ilẹ̀kùn tirẹ̀, kí ọ̀dà lè mú un dáadáa.

“Ọmọ wa, má fo tiwa o!”

“Jọ̀ọ́, tèmi nìyí, jẹ́ kó tóbi!”

Namutebi ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà.