Àlejò Ṣì Wà Nílé

Èmi kì í sùn sílé ènìyàn bí mo bá lọ sóde ní ìlú míràn. Ẹni tó bá gbà mí sílé yóò bi mí bóyá mo sùn dáadáa, yóò bi mí bóyá mo yó, yóò tún ní kí ọmọ kan máa gbé omi tẹ̀lé mi kiri. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, ariwo ènìyàn sì ti sú mi. Nígbà tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní Ọ̀rà, mo ní kí wọ́n má ṣe wàhálà ibùsùn nítorí tèmi. Mo ní màá gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìlá, màá ti ilẹ̀kùn mi, kò sì sẹ́ni tí yóò bi mí ní nǹkan kan.

Orí fóònù ni mo ti rí Ilé Olóbì. Nínú àwòrán, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, ó ní fèrèsé onígi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ sì kọjú sí títì. Ohun tí àwòrán kò sọ ni pé àwọn ọmọ onílé kò tíì kó jáde níbẹ̀.

Àbídèmí ló ń ṣe òtẹ́ẹ̀lì náà, ọmọbìnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tí kò tíì pé ogójì ọdún. Bàbá bàbá rẹ̀, tó máa ń ra obì láti abúlé tó sì ń tà á fún àwọn Haúsá, ló kọ́ ilé náà. Àbídèmí kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kan tó gùn bí orógùn, ó sì mú mi lọ sókè. Wọ́n kọ "Yàrá Ìyá Àgbà" sára ilẹ̀kùn mi. Bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ ga débi pé àpótí ni mo gùn kí n tó lè dùbúlẹ̀. Fọ́tò Bàbá Olóbì fúnra rẹ̀ wà lára ògiri, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì náà tìkàtẹ̀gbin. N kò lè máa bọ́ṣọ lójú bàbá oníbàbá, ni mo bá yí fọ́tò náà kọ ògiri. Nígbà tí mo máa fi ti ibi ìgbéyàwó dé lálẹ́, wọ́n ti yí i padà, wọ́n sì ti bá mi nù ún.

N kò bínú nígbà yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè ni inú wá bí mi.

Odó ló jí mi. Abẹ́ fèrèsé mi gan-an ni àwọn méjì ti ń gún iyán, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́ tán. Mo ní kí n lọ wẹ̀, mo bá àbúrò bàbá Àbídèmí kan nílé ìwẹ̀, ó ń fi kàn-ìnkàn-ìn ha ẹsẹ̀, ó sì ń kí mi láti inú ọṣẹ pé ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ibùsùn. Mo sáré padà sí yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kàn án. Obìnrin kan tí n kò rí rí ló wọlé, ó ní kí n má bínú, aṣọ òkè òun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Nígbà tó mú un tán, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó bi mí bóyá mo sùn dáadáa.

Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Bí mo ṣe gbé báàgì dé ìsàlẹ̀ tí Àbídèmí rí mi, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Orí sìmẹ́ńtì níbẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ."

Mo ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo wá gbà, n kò rí i gbà, ọkọ mi sì ń retí mi ní Òṣogbo.

"Ẹ̀bi mi ni, mà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jáde báyìí, wọ́n á ti ta ilé yìí kí ilẹ̀ òní tó ṣú."

Ó wá là á yé mi. Nígbà ayé Bàbá Olóbì, àwọn àbúrò rẹ̀ jà nítorí ogún lójú àwọn àlejò tó wá ra obì láti Kánò. Ojú ti àwọn àlejò náà, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ wọ̀ sílé ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti fi í léèwọ̀: bí àlejò bá sùn nínú ilé, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ lé e, kò sì gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ ogún tàbí ọ̀rọ̀ ilé títà sílẹ̀ títí àlejò yóò fi lọ. Ní báyìí, Àǹtí Kàdíjátù, àbúrò bàbá Àbídèmí tó ń ta léèsì ní Èkó, ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé náà, kó wó o, kó sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Òní ni ẹbí fẹ́ fẹnu kò.

"Ìyẹn ni mo ṣe sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì, mà, kí àlejò má bàa tán níbẹ̀."

Ó ṣe mí bí ẹni tó sanwó ọkọ̀ tán tí wọ́n wá ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá tì í.

"Ìyẹn ni pé o so mí mọ́lẹ̀ síbí bí ajá tó ń ṣọ́lé," mo ní.

"Rárá o, mà," ló wí, orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Ajá kì í sanwó yàrá."

N kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu mi. Ó ní àlejò mìíràn ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ wọlé, kí èmi máa lọ ní tèmi. Mo gbà láti dúró dìgbà náà, mo sì fi báàgì mi sẹ́bàá àtẹ̀gùn kó lè mọ̀ pé n kò ṣeré.

Kò pẹ́ tí ẹbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bàbá Àlàó, olórí ẹbí, ọmọ Bàbá Olóbì tó dàgbà jù, ló ṣíwájú, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó dé fìlà funfun, ó ń tẹ ọ̀pá. Ó jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àǹtí Kàdíjátù wọlé tòun ti òórùn tùràrí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára báàgì mi.

"Àlejò wa, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn mú yín lọ́nà o. Ọkọ̀ Òṣogbo kì í pọ̀ ní Sọ́ńdè."

Mo ní n kò kánjú. Ó ní káì, dírẹ́bà òun ni yóò gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé mi. Ó ní kí wọ́n di iṣu fún mi, kí wọ́n fi epo sí i. Kò lè lé mi, èèwọ̀ ni. Oore ló fi ń tì mí síta. Nígbà tó yá, ó gbé báàgì náà fúnra rẹ̀, ó ń gbé e lọ sídìí ọkọ̀. Mo di ọwọ́ kejì mú. Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀, à ń fa báàgì, à ń rẹ́rìn-ín síra wa bí ìyàwó àti ìyá ọkọ.

Ìgbà náà ni fóònù Àbídèmí dún. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ọkọ̀ àlejò Ìbàdàn ti bàjẹ́ ní Ọ̀tan Ayégbajú, ó sì ti wọ ọkọ̀ mìíràn padà sílé.

Àwọn ẹbí ti jókòó yíká. Bàbá Àlàó gbójú sókè.

"Àlejò wa, ṣé ẹ ti ń lọ ni?"

 Àlejò gidi kì í purọ́ ìdágbére, mo sì ti sọ fún ọkọ mi pé a ó jọ jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo bàbá náà dáadáa. Nílé ìwòsàn, mo ti rí ojú àwọn tó ń dúró gbọ́ èsì àyẹ̀wò, mo sì mọ ẹni tó ń fi ọkàn bẹ̀ mí pé kí n sọ rere fóun. Ojú tí bàbá yìí fi ń wò mí nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọ̀pá mú.

"Rárá, sà," mo ní. "Iyán tí wọ́n ti ń gún láti àfẹ̀mọ́júmọ́, n kò tíì fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá gbà mí láàyè, ọ̀la ni màá lọ."

Àǹtí Kàdíjátù fi báàgì sílẹ̀. Ọ̀la ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Èkó, kò sì lè dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Ìgbómìnà bára wọn sọ̀rọ̀ wéréwéré. N kò gbọ́ ju "Iléyá" lọ nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìgbà náà ni wọ́n sún ìpàdé sí. Àǹtí Kàdíjátù náà ló sì bu iyán fún mi, ó fi ẹran tó tóbi jù lé e, nítorí pé ọmọ ilé rere ni. Nígbà tó ń wọ ọkọ̀, ó dì mọ́ mi.

"Iléyá kò jìnnà, àlejò wa," ló sọ sí mi létí.

Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ tán, Bàbá Àlàó ní kí n sún mọ́ òun.

"Yàrá tí ẹ sùn sí yẹn, inú rẹ̀ ni ìyá mi bí mi sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń sọ pé kí a tà á, n kò lè lanu. Olórí ẹbí tó bá ń sọ ti ara rẹ̀, ẹbí rẹ̀ ti tú nìyẹn. Ohun tí n kò lè sọ, ẹ ti bá mi sọ ọ́ lónìí."

 Mo pe Àbídèmí, mo ní kó má fi Yàrá Ìyá Àgbà fún ẹnikẹ́ni nígbà Iléyá. Èmi àti ọkọ mi la máa sùn síbẹ̀, a ó sì ti dé kí Àǹtí Kàdíjátù tó dé.